Omi Òjò Tí Mo Fún Àlejò

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ mi ṣòfófó lẹ́yìn. Omi tí wọ́n kó lọ yẹ̀ wò, tí wọ́n ní omi Ìdí-Ẹ̀mì ni, tí wọ́n ní ó mọ́ gaara, kì í ṣe omi kànga wa. Omi òjò inú àmù mi ni. Èmi Àdìjátù, Ìyá Waheedat, tí ń ṣe òrí tà, ni mo fi ọwọ́ ara mi bù ú sínú ìgò wọn. Kò sí ẹni tó fi tipátipá mú mi. Ìtìjú ló ràn mí níṣẹ́, mo sì jẹ́ ẹ.

Ìdí-Ẹ̀mì ni àdúgbò wa, ní ẹ̀yìn Ṣakí, lẹ́bàá títì. Bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, tí ẹ wo òdìkejì títì, ẹ óò rí ògiri gígùn kan tí koríko ti bò. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ bátìrì wà nígbà kan. Wọ́n ń kó ògbólógbòó bátìrì mọ́tò wá láti ibi gbogbo, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì fi iná yọ́ òjé tó kù. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n jẹun yó, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n bá tiwọn lọ. Omi bátìrì ní tirẹ̀ kò bá wọn lọ. Ó wọlẹ̀.

Ràmọ́nì ọkọ mi wà lára àwọn tó ń yọ́ òjé. Ó máa ń wálé pẹ̀lú inú rírun àti orí fífọ́, a sì máa ń sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, a ń fi àgbo lé e. Ó kú ní ọdún tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé. Mo ta ọ̀kadà tó fi sílẹ̀, mo fi gbẹ́ kànga síwájú mọ́ṣáláṣí kékeré wa, kí ó jẹ́ sàráà fún un. Ẹni tó bá lọ sí ilé-kéú mọ̀ ọ́n: bí omi tí a gbẹ́ lórúkọ òkú bá ń jáde, tí ènìyàn àti ẹran ń mu ún, láádá rẹ̀, èrè rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ń lọ bá a nínú sàréè. Nígbà tí símẹ́ǹtì ẹnu kànga ṣì tutù, mo ní kí bíríkìlà fi ìka kọ ọ́ síbẹ̀: SÀRÁÀ FÚN RÀMỌ́NÌ.

Mo sì ṣe òfin kan. Ẹni tó bá fẹ́ pọn omi, kí ó tó sọ korobá sísàlẹ̀, á kọ́kọ́ wí pé: “Kí Ọlọ́run kẹ́ Ràmọ́nì.” Ẹni tí kò bá wí i, mo máa ń gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti gba okùn lọ́wọ́ lèmọ́ọ̀mù rí. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Ìyá Waheedat ti di asọ́bodè kànga. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n san owó ibodè, kí wọ́n pe orúkọ ọkọ mi. Fún odindi ọdún méje, kò sí ọjọ́ tí Ọlọ́run dá tí wọn kò pe orúkọ rẹ̀ tó ogójì ìgbà.

Nígbà tó di ọdún karùn-ún, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Ó ń pupa lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ta ahọ́n bí ìgbà tí ènìyàn bá lá ìṣó. A ní ilẹ̀ Ìdí-Ẹ̀mì ló pupa. A ń fi álọ́ọ̀mù sí i, a ń jẹ́ kí ó silẹ̀, a ń mu ún, a sì ń fi po òrí. Oníbàárà mi tó ń wá láti Ìjìó, tó ń kó òrí sọdá ibodè, gbé igbá òrí mi sókè lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ìyá Waheedat, kí ló ṣe òrí yín tó rí bí eérú?” Mo ní igi ìdáná ni. Mo fẹ̀sùn kan igi, igi kò sì lẹ́nu.

Ìgbà yẹn ni ìjọba pàṣẹ fún àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ bátìrì pé kí wọ́n padà wá tún ilẹ̀ tí wọ́n bà jẹ́ ṣe. Wọ́n gba àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá, àwọn tó mọ bí a ti ń fa omi tó bàjẹ́ jáde nínú ilẹ̀, tí a ń sẹ́ ẹ, tí a ń dá a padà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ mọ ibi tí ìbàjẹ́ náà dé. Ilé sí ilé ni wọ́n ń lọ gba omi kànga; ní ìhà títì tiwa, kànga Ràmọ́nì nìkan ló wà.

Ọ̀kadà gbé òṣìṣẹ́ wọn kan wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí òjò ọdún yẹn ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó kí mi, ó tẹrí ba. “Màmá, omi kànga yín la fẹ́ mú lọ yẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bù ú sínú ìgò yìí.” Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni fóònù rẹ̀ dún. Ó jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mì tí a ń fi kóró rẹ̀ ṣe òrí, ó ń bá ẹni kan jà lórí fóònù.

Mo lọ sí ìdí kànga, mo fa korobá kan jáde. Omi náà pupa, nǹkan bí epo sì ń dán lójú rẹ̀. Mo wo orúkọ tó wà lára símẹ́ǹtì. Mo wo àlejò. Bí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, àlejò kì í dé ká má fún un lómi, a kì í sì í bu omi ẹlẹ́gbin fún àlejò. Ìyá mi á ti gbá mi létí. Àti pé, ṣé omi yẹn ni kí àjèjì gbé lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n ní, “Ẹ wo sàráà Ràmọ́nì”? Mo da omi náà nù. Mo gbé ìgò wọnú ilé, mo ṣí àmù tí mo gbe omi òjò sí, mo bù ú kún, mo tilẹ̀ fi etí ìró mi nu ara ìgò náà. Ó ń dán. Inú mi dùn.

Ọmọ náà yọ ìwé jáde, ó ní kí n tẹ̀ka pé láti inú kànga yẹn lomi ti wá. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dúpẹ́, ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹ̀rọ dé pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ihò sínú ọgbà ilé-iṣẹ́ bátìrì, wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ń ké tọ̀sán-tòru. Wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ kan, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu géètì, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ààlà yí ibi tó bàjẹ́ ká. Ààlà pupa náà wá títí dé etí títì, ó dúró. Àwọn tó wà nínú rẹ̀, táńkà ń gbé omi tó dára wá fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wọn wò. Àwa tí a wà ní òdìkejì, wọ́n ní kí a lọ fọkàn balẹ̀. Omi yín mọ́, wọ́n ní, ó wà nínú ìwé.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Waheedat ọmọ mi bí ń jẹ́ Bàṣírátù. Ọdún márùn-ún ni. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, gbogbo orin ilé-kéú ló wà lórí rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé orin. Inú ń run ún. Á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, á gbé ọwọ́ lé ikùn, bí bàbá rẹ̀ àgbà ti máa ń ṣe gan-an. Ìjókòó yẹn ló kọ́kọ́ já mi láyà. Mo gbé e lọ bá Nọ́ọ̀sì Olúwaṣọlá ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ó ránṣẹ́ pè mí. “Màmá, òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí. Ó pọ̀. Kí lẹ ń mu nílé?”

“Omi kànga ni,” mo ní. “Ṣùgbọ́n wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ó mọ́.”

Nọ́ọ̀sì náà wò mí. “Ta ló pọn omi tí wọ́n yẹ̀ wò?”

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn aboyún, Bàṣírátù sùn lé mi léjìká. Ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, inú bí mi, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ara mi ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Ìgbà tí mo fi máa délé, ìbínú náà ti pọ̀ débi pé ó kárí gbogbo ènìyàn.

Ṣùkúrù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni olórí ẹbí wa. Bàbá Ismaheel ni mo ń pè é. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ, nítorí mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ kànga àbúrò rẹ̀ níta kí n má sọ ọ́ nílé. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un láti orí dé ìdí. Ó fi tẹ̀sùbáà sílẹ̀.

“Ìyá Waheedat, ìwọ lo gbẹ́ kànga yìí. Ṣé ìwọ náà lo fẹ́ jáde lọ wí fún aráyé pé májèlé ni sàráà àbúrò mi?”

“Bàbá Ismaheel, májèlé ni.”

“Fi álọ́ọ̀mù sí i.”

“Álọ́ọ̀mù kò rí òjé mú. Nọ́ọ̀sì ti sọ bẹ́ẹ̀.”

“Láádá rẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ tí o bá ti kànga yẹn pa, ọjọ́ náà ni láádá ọkọ rẹ dúró. Ìwọ lo pa á lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Gbogbo ohun tí mo ti ń sá fún nínú ọkàn mi ló gbé jáde sí gbangba. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń dùn mí náà ni mo dìde lórí ìkúnlẹ̀. “Bàbá Ismaheel, ẹ forí jì mí. Láádá wo ló wà nínú omi tó ń pa ọmọ-ọmọ ẹni tó ni láádá?” Mo jáde láì dágbére. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé wọn, n kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà ṣe ìdérí pákó fún mi, mo ra ṣéènì àti àgádágodo lọ́jà Ṣakí. Mo ti kànga Ràmọ́nì pa. Mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró mi. Ẹ̀yin ará, èébú tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá kó o sínú àpò, akẹ́rù kan kò lè gbé e. Ibi tí omi mìíràn wà jìn tó máìlì méjì. Àwọn obìnrin tí èmi àti wọn jọ ń fọ́ kóró ẹ̀mì ń gbé kẹ́ẹ̀gì kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n sì ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ wọlé. N kò dá wọn lóhùn. N kò tíì sọ fún wọn pé èmi ni mo purọ́.

Ọ́fíìsì àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wà nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ bátìrì. Ọ̀gá wọn ni Ẹnjinníà Isaac Ládòkun, ọmọ bí ogójì ọdún, onísùúrù ènìyàn, irú onísùúrù tí ń múni bínú. Ó ní kí n jókòó, ó gbé omi inú ọ̀rá fún mi. N kò mu ún.

“Màmá, kànga yín mọ́. Àbájáde rẹ̀ nìyí.”

“Omi òjò ni mo fún yín.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Mo tún un wí. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ṣí fáìlì, ó yọ ìwé kan, ó fi ìka hàn mí. “Àtàǹpàkò yín nìyí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pé láti inú kànga ló ti wá. Èwo wá ni òtítọ́, ti ọjọ́ yẹn àbí ti òní? Àbí torí pé táńkà ń gbé omi lọ fún àwọn ará ọ̀hún ni?”

“Ọmọ-ọmọ mi ní òjé nínú ẹ̀jẹ̀.”

“Ó dùn mí, Màmá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan ló lè fà á. Ẹ gbọ́, ìjọba ń bọ̀ wá fọwọ́ sí ààlà yìí ní ọ̀sẹ̀ méjì òní. A ti kó ẹ̀rọ tí a fi ń wá ààlà lọ. Àti pé, kí n má tàn yín, ẹni tó bá fún ìjọba ní ẹ̀rí èké ń fi ẹ̀wọ̀n ṣeré.”

Títí di ìgbà yẹn, mo ń bọ̀wọ̀ fún ipò rẹ̀, “ẹ” ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Mo gbà á padà.

“Pe ọlọ́pàá,” mo ní. “Pè wọ́n báyìí, mo ń dúró. Kí wọ́n gbé mi dé iwájú adájọ́, kí n jẹ́wọ́ pé mo purọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo bá jẹ́wọ́ tèmi tán, adájọ́ á wá bi ìwọ náà léèrè ẹni tí o rán wá gba omi, tó jókòó sábẹ́ igi, tó ń pariwo lórí fóònù, tó jẹ́ kí onílé lọ bá a pọn omi ẹjọ́ ara rẹ̀. Èmi ti múra ẹ̀wọ̀n sílẹ̀, Ládòkun. Ìwọ ńkọ́?”

Kò pe ọlọ́pàá. Kò sì yí ààlà padà. Mo padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfo, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà mo ti ń ro ohun tí màá ṣe.

Mo pe gbogbo obìnrin Ìdí-Ẹ̀mì jọ sí abẹ́ àtíbàbà tí a ti ń po òrí. Mo jẹ́wọ́ fún wọn. Kò rọrùn. Ẹnìkan tí ọmọ tirẹ̀ náà ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tutọ́ sílẹ̀ níwájú mi, mo ní ó tọ́ sí mi. Nígbà tí wọ́n bú mi tán, tí ó rẹ̀ wọ́n, mo ní, “Àwọn ìjọba ń bọ̀. Wọ́n á yà níbí kí olórí ẹbí gbà wọ́n lálejò. Mo fẹ́ ká ṣe ohun tí a kò ṣe rí. Ilé kankan kò gbọdọ̀ fún wọn lómi.”

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Òkè-Ògùn lè máà mọ ohun tí mo sọ fún wọn yẹn. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀tá ẹni gan-an á kọ́kọ́ mu omi kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tí kò bá bu omi fún àlejò, ọkọ rẹ̀ lè rán an padà sílé ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì ní gbè é. Ẹni tó tutọ́ sílẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Omi òjò ọjọ́sí ló kó wa sí èyí,” ó ní. “Ó yá, ẹ jẹ́ kí omi wa gbẹ ná.”

Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbé wá, lọ́sàn-án gangan, nínú ooru tí ń yọ òrí láìsí iná. Àgbà obìnrin kan láti Ìbàdàn ni olórí wọn, Ìyáàfin Ìyápọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ẹnjinníà Ládòkun tẹ̀ lé e pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mì. Bàbá Ismaheel kí wọn, ó kí wọn kú ọ̀nà, kú oòrùn, kú ìnáwó. Ìkíni tán. Ó wo ẹ̀yìn, ó ní, “Ẹ gbé omi wá fún àwọn àlejò.”

Kò sí obìnrin tó mira.

Ó tún un wí, ohùn rẹ̀ ti le. A dúró. Waheedat gbé Bàṣírátù pọ̀n, ó ń wo ilẹ̀. Bàbá Ismaheel yíjú sí mi, ìtìjú tó wà lójú arúgbó yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n sáré wọlé lọ gbé abọ́. Mo di etí ìró mi mú níbi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Ìyáàfin Ìyápọ̀ wo gbogbo wa yíká. Ọmọ Yorùbá ni, kò nílò ògbufọ̀. “Ẹ̀yin obìnrin, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?”

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ kò ṣẹ̀ wá, Màmá. Omi wà. Omi tó wà náà ni kò ṣeé fún àlejò. Oṣù karùn-ún rèé, wọ́n wá gba omi lọ́wọ́ mi, ojú omi wa tì mí, mo lọ bu omi òjò fún wọn. Omi òjò yẹn ló wà nínú fáìlì tí wọ́n gbé lọ́wọ́ yẹn. Òun ni wọ́n fi yọ wá kúrò nínú ààlà. N kò ní fi omi bo àṣírí omi mọ́.”

Ẹnjinníà ti ń ṣí fáìlì. “Màmá, àtàǹpàkò wọn wà níbí...”

Ìyáàfin Ìyápọ̀ gbọ́wọ́ sókè, ó dá a dúró. Bàbá Ismaheel ni obìnrin náà kọjú sí. “Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ilé. Ṣé omi yín dára?”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu arúgbó yẹn, gbogbo rẹ̀ ti parí nìyẹn, mo ti di òpùrọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yìn Waheedat ló ń wò, níbi tí Bàṣírátù gbé orí lé, tó gbé ọwọ́ kan sí ikùn.

“Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú,” ó ní, “àlejò kò wọ ilé bàbá mi kí ó jáde pẹ̀lú òùngbẹ. Lónìí, n kò ní omi fún yín. Ẹ má bínú.” Ó sì yọ fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú.

Mo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, mo ṣí àgádágodo. Ìyáàfin Ìyápọ̀ ní kí Ẹnjinníà fa omi náà fúnra rẹ̀. Ó sọ korobá sísàlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnìkan fa omi kànga yẹn lójú mi láì pe orúkọ ọkọ mi, n kò sì gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Korobá jáde. Omi inú rẹ̀ pupa, ó ń dán, ó ń rùn bí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin. Ẹnjinníà Ládòkun wo inú korobá náà pẹ́. Nígbà tó gbé ojú sókè, kò lè wò mí.

Wọn kò fọwọ́ sí ààlà. Wọ́n bu omi náà sí ìgò mẹ́fà lójú gbogbo wa, wọ́n yọ ìwé, mo sì tẹ̀ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo tẹ̀ ẹ́ débi pé àtàǹpàkò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé já.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ààlà pupa sọdá títì. Táńkà bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ wa. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Ìdí-Ẹ̀mì wò, mẹ́sàn-án nínú wọn ní òjé lára. Bàṣírátù ń lo oògùn. Inú tí ń run ún ti ń rọlẹ̀, àwọn orin kan sì ti padà. Nọ́ọ̀sì Olúwaṣọlá kò purọ́ fún mi, ó ní àwọn mìíràn lè máà padà mọ́. Mo gbọ́. N kò tíì forí ji ara mi, ẹ má sì bẹ̀ mí.

Ohun tó kù lọ́rùn mi ni ọ̀rọ̀ Bàbá Ismaheel. Kànga wà ní títì pa, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ Ràmọ́nì mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ń pa mí lára. Mo máa ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀, màá fọwọ́ gbá ewé kúrò lórí ìdérí, màá padà.

Ibẹ̀ ni Ẹnjinníà Ládòkun bá mi lọ́jọ́ kan. Ó kí mi, ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ọjọ́ náà kan ilẹ̀. “Màmá, a ti wá ibi tí a ó gbé ẹ̀rọ sí ní ìhà tiyín. A kò rí ibi tó dára tó ibí. Kànga yìí jìn, ojú ọ̀nà tí omi burúkú náà ń gbà kọjá gan-an ló sì wà. Bí ẹ bá gbà, inú rẹ̀ la ó ti máa fà á jáde, ká sẹ́ ẹ, títí ilẹ̀ yín á fi mọ́.”

“Á gbà yín tó ìgbà wo?”

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń túfọ̀. “Ọdún mọ́kànlá.”

Mo wo símẹ́ǹtì ẹnu kànga, níbi tí bíríkìlà fi ìka kọ ọ́ sí. Wọ́n kọ́ wa ní ilé-kéú pé ẹni tó bá mú ẹ̀gún kúrò lójú ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà, sàráà ló ṣe. Ọdún mọ́kànlá ni kànga ọkọ mi máa fi yọ ẹ̀gún kúrò nínú ilẹ̀ Ìdí-Ẹ̀mì. Ta ló ní láádá rẹ̀ dúró? Mo ní kí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ wọn bọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo àdúgbò pé. Bàbá Ismaheel jókòó sórí àga, Bàṣírátù wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, wọ́n ti na páìpù. Ẹnjinníà na ọwọ́ sí mi fún kọ́kọ́rọ́ ìdérí.

N kò fún un. “Nǹkan kan wà tí a máa ń wí kí a tó fa omi níbí,” mo ní. Mo nawọ́ sí orúkọ náà. “Kí Ọlọ́run kẹ́ Ràmọ́nì. Láràárọ̀, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.”

Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó wò mí. “Láràárọ̀, Màmá? Fún ọdún mọ́kànlá?”

“Èmi ni n óò máa mú kọ́kọ́rọ́ wá.”

Ó bọ́ akoto orí rẹ̀, ó gbé e mọ́yà. “Kí Ọlọ́run kẹ́ Ràmọ́nì,” ó wí, wúyẹ́wúyẹ́.

“N kò gbọ́.”

Ó tún un wí, gbogbo Ìdí-Ẹ̀mì sì gbọ́. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́.